Ilà Mẹ́ta Lósì, Ilà Márùn-ún Lọ́tùn-ún

Ẹ ṣé tí ẹ fún mi ní bẹ́ǹṣì jókòó. Ṣùgbọ́n ìwọ Gàníyù, gbé sípánà yẹn sílẹ̀. Mo mọ̀ pé mẹkáníìkì ni ọ́, mo sì mọ̀ pé ṣéènì màṣíìnì mi ti bọ́. Láti Apòmù ni mo ti ń tì í bọ̀, Ìkirè ni mò ń lọ. Mo lá àlá kan lọ́sàn-án àná. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín, ẹ óò mọ ìdí tí n kò fi fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún un ṣe.

Akúrẹtẹ̀ là ń pe màṣíìnì kékeré yìí. Bí àgbàlagbà bá gùn ún, orúnkún rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Bàbá wa ló fi í sílẹ̀ fún èmi àti Ọlápàdé àbúrò mi, a sì jọ ń gùn ún. Lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn, ṣéènì rẹ̀ bọ́ mọ́ mi lẹ́sẹ̀ lójú ọ̀nà, mo ṣubú, eegun èjìká mi kán. Mo ní Ọlápàdé ló dẹ ṣéènì náà kí n lè kú, kí Akúrẹtẹ̀ lè di tirẹ̀ nìkan. Ó búra títí. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, táyà ẹ̀yìn ló wọ́. Ẹ sáà wò ó." N kò wò ó. Mo lé e kúrò nílé, ó kó lọ sí Ìkirè.

Látìgbà náà, ṣéènì mẹ́rin ni mo ti rà. Gbogbo wọn ló ń bọ́. Bó bá ti bọ́, n ó gé ojú kan kúrò lára rẹ̀ kó lè le, n ó sì bú Ọlápàdé. N kò fọwọ́ kan táyà rárá, nítorí Ọlápàdé ló ní táyà ló wọ́. Mẹkáníìkì tó bá ní òun fẹ́ wo táyà, mo máa ń gba màṣíìnì mi lọ́wọ́ rẹ̀ ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyàwó rẹ̀ wá bá mi. Ó ní ojú ọkọ òun ti fọ́ pátápátá, kò rí nǹkan kan mọ́. Ó ní ohun kan ṣoṣo ló ń wù ú, kí n wá gbé e sẹ́yìn Akúrẹtẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí atẹ́gùn fẹ́ sí i lójú. Ẹ gbọ́ ohun tí mo fi ránṣẹ́ sí ọmọ ìyá mi: "Lọ sọ fún un pé ẹni tó dẹ ṣéènì ni kó wá dì í padà." Obìnrin náà kúnlẹ̀. Ó dìde, ó lọ.

Àná, mo jẹ ẹ̀bà tán, mo nà sórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, oorun gbé mi lọ. Mo bá ara mi lórí Akúrẹtẹ̀, à ń gun òkè kan tí wọ́n fi ìrọ̀rí kọ́. Ṣéènì bọ́, ó ń wọ́ lọ nínú koríko bí ọ̀kùn.

"Níbo lò ń lọ?"

"Ọ́fíìsì," ló wí. "Mo fẹ́ lọ fẹjọ́ sùn."

Mo ní kò burú, mo tẹ̀ lé e.

Ọ́fíìsì náà ń léfòó lókè oko kòkó. Okùn tí wọ́n fi ń sá aṣọ ni wọ́n fi so ó mọ́ igi kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ. Ṣéènì nà gbọọrọ, ó di àkàbà, mo gùn ún. Ojú kọ̀ọ̀kan tí mo bá tẹ̀ ń kí mi pé, "Ẹ rọra o, Bàbá." Mo ń dá gbogbo wọn lóhùn. Ọmọlúàbí ni mí.

Ọ̀gá kan jókòó nínú ilé, ó wọ kóòtù, ó so táì. Ó ṣí fáìlì.

"Ta ló dẹ ṣéènì?"

"Ọlápàdé, àbúrò mi."

Ìwo kan yọ lórí rẹ̀. Mo gbé ojú kúrò níbẹ̀. Kò yẹ kí èèyàn máa tẹjú mọ́ orí ọ̀gá ọ́fíìsì.

"Ẹ rí i nígbà tó ń dẹ̀ ẹ́?"

"N kò rí i, ṣùgbọ́n mo mọ̀."

Ìwo kejì yọ. Kí n tó mí lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀gá ti di òbúkọ, irùngbọ̀n rẹ̀ sì kan tábìlì. Kò bọ́ táì rẹ̀ o. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ fáìlì náà.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹjọ́ mi lẹ ń jẹ yẹn."

"Mo mọ̀," ni òbúkọ wí. "Kò níyọ̀."

Ó pe akọ̀wé rẹ̀ wọlé. Ọlápàdé ni. Ojú rẹ̀ méjèèjì mọ́ rokoṣo bíi ti àtijọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ káàsán. Ẹ wo ẹ̀yìn."

Mo fẹ́ wẹ̀yìn, ọrùn mi kọ̀. Mo fọwọ́ kàn án, nọ́ọ̀tì ńlá méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì.

"Ta ló di ọrùn mi báyìí?"

"Ẹ̀yin fúnra yín ni," ni òbúkọ wí. "Ẹ di ẹ̀gbẹ́ kan jù. Ohunkóhun tó bá ń tẹ̀ lé yín gbọ́dọ̀ bọ́."

Ọlápàdé mú sípánà, ó fẹ́ bá mi dẹ̀ ẹ́. Lójú àlá náà, mo ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn mí! Ojú rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú díẹ̀díẹ̀, bí àtùpà tí epo ń tán nínú rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ tètè wò ó, kí n lè fi hàn yín."

Òbúkọ ti jẹ fáìlì tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ okùn tó so ọ́fíìsì mọ́lẹ̀. Okùn já. Mo jí.

Ọrùn mi ti gan lórí àga. Kò yí sọ́tùn-ún, kò yí sósì. Níwájú ilé, òbúkọ aládùúgbò mi ń họ ìwo rẹ̀ mọ́ táyà ẹ̀yìn Akúrẹtẹ̀. Mo lọ lé e, ṣùgbọ́n ìwo rẹ̀ ti há. Nítorí ọrùn yìí, mo ní láti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ara kí n tó rí ibi tí ìwo rẹ̀ há sí, ojú mi sì bọ́ sára nọ́ọ̀tì táyà.

Gàníyù, o mọ àwọn ilà wẹ́wẹ́ tó wà lára irin níbẹ̀, tí èèyàn fi ń mọ̀ bóyá táyà dúró gbọọrọ. Lápá òsì, ó wà lórí ilà kẹta. Lápá ọ̀tún, ó wà lórí ilà karùn-ún. Gbogbo rẹ̀ wá padà sọ́kàn mi. Èmi ni mo fa táyà náà sẹ́yìn kí ṣéènì lè le, ní ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí mo ṣubú. Mo di apá ọ̀tún tán, òjò dé, mo sá wọlé, n kò sì padà síbẹ̀ mọ́.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Òbúkọ náà dúró tì mí.

Mo mọ̀ pé ìṣẹ́jú márùn-ún ni yóò gbà ọ́. Ṣùgbọ́n bí o bá tún un ṣe, kí ni n ó fi han ẹni tí kò ríran? Ìka rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. N ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, kó fi ka mẹ́ta lósì, kó fi ka márùn-ún lọ́tùn-ún. Bó bá fẹ́, kó fi sípánà gbá mi. Bó bá sì ṣì fẹ́ jókòó sẹ́yìn mi, a óò jọ tún un dì.

Ẹ bá mi gbé Akúrẹtẹ̀ dìde. Kí ẹnì kan nínú yín sì bá mi wo ẹ̀yìn kí n tó bọ́ sí títì, kí ọkọ̀ má baà gbá mi. Ọrùn mi ò tíì yí.