Àga Tí Wọ́n Gbà Sílẹ̀ fún Ọ̀gá

"Sọ fún bàbá rẹ kó gbà pé òun jẹ̀bi. Bí ìyà bá pọ̀ jù, a ó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Lọ́jọ́ náà, èmi ni màá kọ́kọ́ dìde. Màá sọ pé èmi ni mo bu ọtí fún un, èmi náà ni mo fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lé e lọ́wọ́."

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá ilé-iṣẹ́ búrẹ́dì wí fún ọmọbìnrin awakọ̀ rẹ̀ ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, tó ń fi aṣọ ìnujú nu omi tí kò sí lójú rẹ̀. Bàbá gbà pé òun jẹ̀bi. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta.

Lónìí, ọmọbìnrin náà gbé báàgì rẹ̀ lé àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ìlà iwájú nínú ilé ẹjọ́ gíga, kó lè gbà á sílẹ̀ fún ọ̀gá. Ìwé-ẹ̀rí yunifásítì tó fi ń wáṣẹ́ káàkiri wà nínú báàgì náà. Agbẹjọ́rò bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀.

"A ò ní sọ pé bàbá yín ò jẹ̀bi o. Ìyà yẹn ló pọ̀ jù. Ọ̀gá ńkọ́?"

"Wọ́n ní àwọn ti wà lọ́nà."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti aago mẹ́jọ."

Aago ara ògiri ti di mẹ́wàá. Ẹnu dùn-ún rofọ́. Ọmọbìnrin náà kò pariwo. Ó ń bínú bí ẹni tó ń ṣe ìṣirò: ife ọtí mẹ́ta, kọ́kọ́rọ́ kan, ẹni méjì, ẹlẹ́wọ̀n kan.

"Ọmọ mi, ṣé báàgì yìí náà wá jẹ́rìí ni?"

Obìnrin kan ló dúró níbẹ̀, tó gbára lé ọ̀pá. Ọmọbìnrin náà dá a mọ̀. Aránṣọ tí bàbá rẹ̀ fi ọkọ̀ gbá ni. Ó já báàgì gbà kúrò lórí àga.

"Ẹ jókòó, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Bí mo bá bínú lórí ìdúró, ẹsẹ̀ á máa ro mí. Jẹ́ n jókòó ná."

Nígbà tó yá, adájọ́ béèrè bóyá ẹnikẹ́ni fẹ́ sọ̀rọ̀ fún ẹlẹ́wọ̀n. Agbẹjọ́rò wo ilẹ̀kùn. Ọ̀pá kan ilẹ̀, ó tún kàn án. Aránṣọ ti dìde.

"Olúwa mi, ọtí ló mu, èmi ló sì gbá. Ẹ má dá a láre. Ṣùgbọ́n kò sá. Ẹ̀wù ọrùn rẹ̀ ló fà ya tó fi di ẹsẹ̀ mi. Gbogbo ẹni tó bá dé ló ń sọ fún pé, 'Èmi ni mo ṣe é.' Iṣẹ́ mi ni pé kí n mọ̀ bí aṣọ bá tóbi ju ẹni tó máa wọ̀ ọ́ lọ. Ọdún mẹ́ta yìí, ẹ bá a gé e kúrú."

Adájọ́ kọ̀wé títí. Ó sọ ọdún mẹ́ta di ọdún kan. Ìwé ìwakọ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ bàbá kò ní padà. Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Ó ku oṣù mẹ́rin.

Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. "Mà, ẹnu mi ò gbọpẹ́."

"Dìde jàre. Fún mi lápá, àtẹ̀gùn wọn ga."

Ó fún un lápá. Kí wọ́n tó jáde sí àtẹ̀gùn, ó bojú wẹ̀yìn wo àga ìlà iwájú. Láti àárọ̀ ló ti ń gbà á sílẹ̀, àṣé kò mọ ẹni tó ń gbà á sílẹ̀ fún.

Ọ̀gá ní òun ni yóò kọ́kọ́ dìde.

Kò wá.