Ìṣó Méjì Péré

Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹta ọdún ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀, nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù tí ó kẹ́yìn kó àwọn bíríkìlà àti irinṣẹ́ wọn kúrò ní àwọn ilé tuntun tí ó wà ní ẹ̀yìn ìlú. Bí eruku ọkọ̀ náà ti ń rọlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọjà ń kú ní ìsọ̀ Ìyá Onírin.

Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí obìnrin yìí ti ń ta síméǹtì, páànù, ìṣó àti ọ̀dà ní ojúde àwọn ilé náà. Ọkọ rẹ̀ ni ó dá ìsọ̀ sílẹ̀ kí ó tó di olóògbé, òfin kan ṣoṣo ni ó sì fi lélẹ̀ fún un: a kì í tú páálí. Ẹni tí yóò ra ìṣó, kí ó ra odindi páálí. Ẹni tí yóò ra ọ̀dà, kí ó gbé garawa. Òfin náà bá àwọn agbaṣẹ́ṣe lára mu, nítorí pé ẹni tí ó ń kọ́ ogún ilé kì í ra ìṣó ní ẹyọ. Nígbà tí ọkọ sì kú tán, Ìyá Onírin di òfin náà mú bí ẹni di okùn kànga mú.

Ìrètí rẹ̀ ni pé bí àwọn onílé bá kó dé, ọjà yóò tún búrẹ́kẹ́. Wọ́n kó dé lóòótọ́. Ẹ wo iná lójú fèrèsé, ẹ wo aṣọ lórí okùn, ẹ gbọ́ ẹkún ọmọ! Ṣùgbọ́n fún odindi oṣù kan, ọ̀nà ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ó yà sí ìsọ̀ rẹ̀ ń béèrè. Àwọn mìíràn a wọlé, wọn a béèrè ohun kékeré kan, òun a nawọ́ sí páálí. Wọn a rẹ́rìn-ín músẹ́, wọn a padà sínú mọ́tò wọn, ó di ìgboro.

Àbúrò ọkọ rẹ̀ ni ó ń bá a ṣiṣẹ́, ọkùnrin tí Ìyá Onírin fúnra rẹ̀ sọ ní Ṣe-kíá nítorí pé kì í lè dúró kí omi hó. Nígbà tí oṣù náà fi parí, ọkùnrin yìí ti rí ọ̀nà àbáyọ. Àwọn agbaṣẹ́ṣe ti ṣí lọ sí òdìkejì odò, níbi tí wọ́n ti ń fi ìpìlẹ̀ ilé mìíràn lélẹ̀, wọ́n sì ti fi àyè ìsọ̀ kan pamọ́ de Ìyá Onírin títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ yẹn.

“Ìyàwó wa,” ni ó wí, “àwọn ará ibí yìí kì í rajà. Oorun ni wọ́n ń wá sùn. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé àwọn tó ń kọ́lé.”

“Ọkọ mi, bá a bá ń tẹ̀lé bíríkìlà kiri, ìgbà wo la ó jókòó? Ṣé àwa náà ti di àpò síméǹtì ni?”

“Àpò síméǹtì sàn jù wá lọ. Àwọn èèyàn ń wá a.”

Ìsọ̀ yìí nìkan ni ọ̀nà oúnjẹ Ìyá Onírin. Bí ó bá dúró tí ọjà kò sì yá, àyè òdìkejì odò yóò ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí ó bá sì lọ, yóò pa yàrá méjì tí ó wà lẹ́yìn ìsọ̀ tì, ibi tí ọkàn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń balẹ̀ sí lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni nọ́ọ̀sì kan, tí ó ń gbé ní ilé kẹta sí ìsọ̀, wọlé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn.

“Ẹ káàsán mà. Ìṣó méjì péré ni mo fẹ́.”

“A kì í tà á ní méjì, ọmọ mi. Odindi páálí là ń tà.”

“Páálí kẹ̀? Kí ni mo fẹ́ fi ṣe, mà? Ṣé mo fẹ́ kan ilé mọ́lẹ̀ kó má baà sá lọ ni?”

Ṣe-kíá bú sẹ́rìn-ín níbi tí ó ti ń to garawa ọ̀dà. Ìyá Onírin wò ó lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rín náà sì gbẹ.

“Kí lo fẹ́ fi méjì ọ̀hún ṣe?”

“Ẹ wá fojú yín rí i, mà. Ẹ̀ ẹ́ ṣàánú mi.”

Níwọ̀n bí kò ti sí oníbàárà kan tí ó ń dúró dè é, Ìyá Onírin tẹ̀lé e. Ilé náà tutù, ó ń rùn fún ọ̀dà tuntun. Dígí gígùn kan tí kò rí ìṣó gbé kọ́ fara ti ògiri nílẹ̀ẹ́lẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí kò bá bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni yóò rí. Okùn bàtà ni wọ́n fi so kọ́tìnì mọ́ fèrèsé. Ẹnu ẹ̀rọ omi ń kán tó, tó, tó sínú abọ́. Ilẹ̀kùn balùwẹ̀ kò ṣe é tì, bẹ́ẹ̀ ni aṣọ sì kún orí gbogbo àga nítorí pé kò sí ibi tí a lè fi wọ́n kọ́.

“Ibo lo wá ń jókòó sí?” ni Ìyá Onírin béèrè.

“Orí bẹ́ẹ̀dì, mà. Àwọn aṣọ ló ń gbàlejò.”

“O ò ṣe ra ìṣó àti ìkọ́ ní ìgboro?”

“Kí n tó tibi iṣẹ́ dé, wọ́n ti ti ìsọ̀. Ọjọ́ ìsinmi tí mo bá wá lọ, màá ra ẹran, màá ra ọṣẹ, màá gbàgbé ìṣó. Bí gbogbo wa ṣe wà nìyẹn. Ẹ lọ wo ilé aládùúgbò mi, ìkòkò ló fi ń di ilẹ̀kùn.”

Ìyá Onírin dúró láàárín yàrá náà. Àwọn tí Ṣe-kíá ń pè ní aláìrajà ti wá bá òun ní ìsọ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú owó lọ́wọ́. Òun fúnra rẹ̀ ni ó lé wọn padà.

Nígbà tí ó padà dé ìsọ̀, ó mú ọ̀bẹ, ó gbé páálí ìṣó kan sórí tábìlì. Ó là á.

“Ìyàwó wa! Ẹ̀gbọ́n mi á bínú o!”

“Bó bá bínú, kó wá bá mi tà á.”

Ó da ìṣó sínú abọ́, ó da ìkọ́ sínú òmíràn. Nọ́ọ̀sì gba méjì tirẹ̀, ó sì ròyìn rẹ̀ ká àdúgbò. Ní ọjọ́ kejì, onílé ìkòkò dé, ó ń béèrè ohun tí a fi ń ti ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn tí ó ń fẹ́ gílóòbù, àti rọ́bà pẹlẹbẹ inú ẹ̀rọ omi, àti ọ̀dà ife kan láti fi pa ibi tí ọmọ fi lẹ́ẹ̀dì kọ nǹkan sí lára ògiri rẹ́. Ìyá Onírin kò ti ilẹ̀kùn mọ́ títí àwọn òṣìṣẹ́ yóò fi ti ibi iṣẹ́ dé. Káfíńtà kan tí kò bá ẹgbẹ́ rẹ̀ kọjá odò gbé àpótí rẹ̀ sí iwájú ìsọ̀, nítorí pé ẹni tí ó ra ìṣó mẹ́ta a máa béèrè ẹni tí yóò bá òun kàn án. Aránṣọ kan pàápàá wá béèrè bóyá àyè wà ní ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ fún ẹ̀rọ kan, ó ní kọ́tìnì inú àwọn ilé náà kúrú ju fèrèsé wọn lọ.

Ṣe-kíá kò gbà síbẹ̀. “Ẹyọ ẹyọ lẹ̀ ń tà yìí. Owó síméǹtì ọkọ̀ kan ju ti ìṣó oṣù kan lọ.”

“Òótọ́ lẹ sọ, ọkọ mi. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra síméǹtì ọ̀hún dà? Ó ti kọjá odò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni nọ́ọ̀sì ti padà wá.”

“Bí wọ́n bá wá kan ìṣó wọn tán ńkọ́?”

Ìbéèrè náà wọ̀ ọ́ lára. Ó rò ó títí ọjọ́ Àbámẹ́ta fi dé, tí ọkọ̀ akẹ́rù tí Ṣe-kíá pè sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí awakọ̀ ń fọn fèrè.

“Ìyá, ẹ yára o! Àwọn kan ti ń du àyè yẹn.”

Ìyá Onírin jáde. Ní apá òkè, lẹ́yìn ilé nọ́ọ̀sì, ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń já ẹrù sílẹ̀: bẹ́ẹ̀dì, tábìlì, àti dígí kan tí àwọn méjì gbé. Obìnrin tí ó ni ẹrù náà ti ń wo ìsọ̀ láti òkèèrè, ó ń fi ọwọ́ bo ojú nítorí oòrùn. Àwọn tí yóò kan ìṣó kò tíì tán.

Ìyá Onírin wí fún awakọ̀ náà pé kí ó kó gbogbo síméǹtì àti páànù, kí ó gbé Ṣe-kíá pẹ̀lú wọn lọ bá àwọn agbaṣẹ́ṣe rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó fi òun sílẹ̀ níbi tí òun wà, nítorí pé òun kò ní í kọjá odò.