Fọ́tò Àyà Onípákó

Onípákó ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé òun ń húkọ́. Ọdún méjì gbáko ló fi ń to ìwé. Ìlú òkèèrè kan ti gbà pé tó bá fi owó rẹ̀ dá ilé-iṣẹ́ àga àti tábìlì sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn, òun, ìyàwó àtàwọn ọmọ á di ará ibẹ̀. Àyẹ̀wò ara nìkan ló kù. Kí ni ìyẹn lójú ẹni tó ń dá gbé ìtì igi?

Dókítà gbé fọ́tò àyà rẹ̀ síwájú iná.

"Ikọ́ ife ni, bàbá. Wọn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ wọlé báyìí, torí pé ó ń ràn. Ẹ lo oògùn oṣù mẹ́fà. Tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ yín bá ti mọ́, wọ́n á máa bá ìwé yín lọ."

"Èmi tí mo fẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀ fún wọn!"

"Owó ò lè fọ ẹ̀dọ̀fóró."

Ìbínú ló gbé e dé sọ́míìlì. Àbúrò rẹ̀ wà nídìí ayùn. Àwọn méjèèjì jọra bí igi kan tí wọ́n là sí méjì. Onípákó fà á lọ sẹ́yìn òkìtì pákó.

"Wàá jẹ́ orúkọ mi nílé ìwòsàn míì. Àyà tìẹ ni kí wọ́n yà."

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ má bínú, mi ò lè ṣe é. Àwọn ọmọ ń sùn tì yín. Ẹ lo oògùn."

"Ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́? Ta ló fẹ́yàwó fún ẹ?"

"Ẹ̀yin ni. Síbẹ̀, mi ò lọ."

Ó gbá a létí. Àbúrò kàn kẹ̀yìn sí i, ó ń lọ. Ìyẹn ló wá dun Onípákó wọra. Ó fa pákó kan yọ, ó là á mọ́ ọn léjìká. Bí ìyẹn ṣe ṣubú, tó gbọ́wọ́ ọ̀tún bo orí, ó tún là á lẹ́ẹ̀kejì. Egungun apá náà kán, ó dún pá. Ó là á lẹ́ẹ̀kẹta, eyín fò, ẹjẹ̀ rin eruku igi. Àwọn òṣìṣẹ́ dì mọ́ ọn. Ó ta ọ̀kan nípàá níkùn, ó gé òmíràn jẹ. Àfi bí ikọ́ ṣe gbé e. Ẹjẹ̀ tú lẹ́nu òun náà, ó wó lulẹ̀.

"Ẹ má fọwọ́ kàn mí," ló ń wí. "Ó ń ràn."

Ìyàwó rẹ̀ kó àwọn ọmọ lọ ṣàyẹ̀wò. Àbígbẹ̀yìn wọn ti kó o.

"Ẹ mọ̀ pé ẹ̀ ń húkọ́," obìnrin náà sọ fún un, "ẹ wá ń gbé ọmọ sáyà."



Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá dé, àbúrò ní òkìtì pákó ló wó lu òun.

Bàbá àtọmọ jọ lo oògùn náà parí. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mọ́, ìwé sì jáde. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa lọ, Onípákó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́nu ọ̀nà àbúrò rẹ̀.

"Ẹ dìde, bọ̀ọ̀dá mi. Ẹ̀gbọ́n kì í dọ̀bálẹ̀ fún àbúrò."

Àbúrò ò ní kó wọlé. Ọwọ́ òsì ló fi rọra ti ilẹ̀kùn.