Ìwé Tí Ragnhild Kò Kàn Mọ́gi

Ní yunifásítì Uppsala ní Sweden, ẹni tó bá kọ ìwé oyè ọ̀mọ̀wé tán á fi ìṣó kàn án mọ́ pátákó lójú gbogbo èèyàn, kí ẹni tó bá fẹ́ jiyàn lè kà á kí ọjọ́ ìdánwò tó pé. Aago mọ́kànlá ni Ragnhild Sjöblad máa kan tirẹ̀. Àárọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ náà ni Gunvor pè é síbi maikirosíkóòpù.

Gunvor ti ń fọ àwo ní yàrá ìwádìí tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ kí Ragnhild tó mọ̀wé kà, kò sì fẹ́ràn ìnákúnàá rárá.

Sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ni Ragnhild ń wò láti ọdún mẹ́rin. Bí egbò bá dá síni lára, àwọn ló ń sáré lọ bá a. Lára sẹ́ẹ̀lì yíká ni àwọn nǹkan tíntìntín wà tó ń gba ìpè egbò. Ẹ jẹ́ ká pè wọ́n ní etí. Ẹ̀gbẹ́ tí ìpè bá ti ń wọlé jù ni sẹ́ẹ̀lì máa na ẹsẹ̀ sí. Etí kọ̀ọ̀kan ní ìrù tó wọ inú sẹ́ẹ̀lì lọ. Ragnhild gé ìrù yìí kúrò, ó wá da oògùn tó ń ṣe bí ìpè egbò sí ẹ̀gbẹ́ kan àwo. Àwọn sẹ́ẹ̀lì náà kàn ń rìn gbéregbère. Ó fi oògùn kún un, ó tún fi kún un, wọn ò mọ̀nà síbẹ̀. Ló bá kọ ọ́ sí orí kẹta ìwé rẹ̀ pé adití ni wọ́n.

Àṣé oògùn ti kù díẹ̀ nínú ìgò lánàá, Gunvor sì bomi là á dáadáa kó lè tó dán àwo tuntun wò. Àwọn adití ọ̀hún tò lọ tààrà síbi oògùn.

Ragnhild dán an wò lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ yẹn, ọ̀kan náà ni. Ọ̀rọ̀ wá yé e. Bí ìpè bá pọ̀ jù, sẹ́ẹ̀lì a máa gbé lára etí rẹ̀ mì kó lè sinmi, ìrù yẹn ló sì fi ń fà á wọlé. Àwọn tirẹ̀ ò rí etí dì. Oògùn kún etí wọn níwájú, ó kún un lẹ́yìn, wọn ò wá mọ ibi tí ìpè ti ń wá.

Ó kọ́kọ́ rò ó pé kí òun dákẹ́. Ẹni tó bá ní òun ò ní rò ó, irọ́ ló ń pa. Gunvor ò ní sọ fẹ́nì kankan, iṣẹ́ sì ń dúró de Ragnhild ní ìlú Göteborg lóṣù kẹfà, tó bá ti gboyè.

Nídìí pátákó, kéèkì ti wà nílẹ̀, èèyàn ti pé. Torkel, ọ̀gá tó ń tọ́ ọ sọ́nà, na òòlù sí i. Ragnhild sọ ohun tó rí fún un wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Torkel ní kó fi ìwé pélébé tó ní àtúnṣe há inú ìwé náà, bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe.

"Àṣìkọ ni wọ́n ń fi ìyẹn tún ṣe, Torkel. Ẹni tó ń gbọ́ jù ni mo pè ní adití, odidi orí kan."

"Ṣé o mọ̀ pé Göteborg ò ní dúró dè ẹ́?"

"Mo mọ̀."

Torkel rọra gba òòlù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Èmi ni mo ní kó o máa fi kún un," ó ní. "Ìgbàkigbà tó o bá wá bá mi, mo ní kó o fi kún un."

Ó yíjú sí àwọn èèyàn, ó ní kí wọ́n jẹ kéèkì, kò sí ìwé tí wọ́n máa kàn lónìí, ẹ̀bi òun sì ni.

Ragnhild dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi fóònù pe Göteborg. Obìnrin tó gbé e kẹ́dùn púpọ̀, ó sì ní àwọn máa mú ẹlòmíì. Ragnhild padà sídìí maikirosíkóòpù, ó jókòó. Ó ń sunkún, ó ń nu ojú awò, ó sì ń ka àwọn sẹ́ẹ̀lì náà bí wọ́n ṣe ń kọjá lọ, gbogbo wọn síbi kan náà.