Ìbú Èékánná Kan

1.

…kò sì sí ẹni tí ó fi iṣẹ́ adájọ́ ta mí lọ́rẹ. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi rin ọ̀nà rẹ̀, láti yàrá ẹ̀yìn ilé ìtura kan, níbi tí tábìlì ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí àwọn ọkùnrin sì ń gbọn eérú sìgá sínú àpò rẹ̀, títí dé ẹ̀gbẹ́ tábìlì àṣekágbá. Mo gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì nínú ìmọ̀ ìṣirò kí n tó gba ìwé ẹ̀rí adájọ́ sínúkà, eré bọ́ọ̀lù orí tábìlì. Èkejì ni ó le jù. Mo kọ́ bí a ti ń yí tábìlì ká láìjẹ́ kí òjìji ẹni bọ́ sí ojú ẹni tí ó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù. Mo kọ́ bí a ti ń mí láìdún. Ní ọdún tó kọjá, orúkọ mi jáde: adájọ́ eré àṣekágbá. Obìnrin àkọ́kọ́. Mo rọra ká ìwé náà, mo fi í sínú àpò mi, mo sì lọ ra ìbọ̀wọ́ funfun tuntun.


2. ÌKÉDE, LẸ́NU Ọ̀NÀ GBỌ̀NGÀN

Ìdíje Sínúkà ti Àwọn Alámọ̀dájú. Àṣekágbá.
Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ jẹ eré mẹ́wàá ni olúborí.
Ẹ pa fóònù yín.
Kí ẹni tí ikọ́ ń dà láàmú jókòó sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn.


3. ÀWỌN ELÉRÉ

Àgbà. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Afojúwọ̀n, nítorí pé kì í wo ibì kan lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó gbá a. Nígbà tí àwọn yòókù kọ̀ kí obìnrin dá eré àwọn, òun ni ó ní kí wọ́n fún òun ní obìnrin náà. Kò gba ife-ẹ̀yẹ yìí rí.

Ọ̀dọ́. Ẹni ọdún méjìlélógún. Kíákíá ni wọ́n ń pè é. Ó ń gbá bọ́ọ̀lù bí ẹni tí ọkọ̀ ń dúró dè.


4. ÌLÀNÀ

Bí eléré bá ní kí a nu bọ́ọ̀lù, adájọ́ yóò gbé àmì sí ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀lù náà kí ó tó gbé e. Yóò nù ún. Yóò dá a padà sí ojú àmì. Yóò yọ àmì. Yóò bi eléré bóyá ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Bí eléré bá ti lè ní ó ti dáa, ọ̀rọ̀ bùṣe.


5. ÀWỌN TÓ Ń RÒYÌN ERÉ LÓRÍ TẸLIFÍṢỌ̀N

ÀKỌ́KỌ́: Mẹ́sàn-án sí mẹ́sàn-án. Eré kan ṣoṣo ló kù. Bọ́ọ̀lù mẹ́ta ló sì kù nínú rẹ̀: búlúù, pínǹkì, dúdú. Àgbà ní 58, ọmọdé ní 55.
ÈKEJÌ: Bó bá ti gbá búlúù wọlé, tó gbá pínǹkì tẹ̀ lé e, ó parí. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló ti ń wá a.
ÀKỌ́KỌ́: Pínǹkì mà dí búlúù lójú o.
ÈKEJÌ: Kò dí i tán. Afojúwọ̀n ti rí ojú ọ̀nà.
ÀKỌ́KỌ́: Ó ní kí adájọ́ bá òun nu bọ́ọ̀lù funfun. Ẹ wo ọmọ yẹn lórí àga, ó ń jẹ èékánná.
ÈKEJÌ: Jẹ́ ó jẹ ẹ́. Ó lè má rí nǹkan mìíràn jẹ lónìí.
(Ẹ̀rín.)


6.

Ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá ni tẹlifíṣọ̀n fi ń wo ọmọ náà. Kò sí àwòrán ọwọ́ mi.


7.

Adájọ́ náà gbé àmì sílẹ̀. Ó gbé bọ́ọ̀lù funfun, èyí tí a fi ń gbá àwọn yòókù. Ó nù ún. Ó dá a padà. Bí ó ti ń yọ àmì, àtàǹpàkò rẹ̀ kan bọ́ọ̀lù náà.

Kò kàn án.

Ó kàn án. Bọ́ọ̀lù náà sún ní ìbú èékánná kan.

Èmi ni adájọ́ náà.


8. OHUN TÍ MO LÈ SỌ

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè, mo fẹ́ tún un gbé.

OHUN TÍ MO RÒ

Obìnrin àkọ́kọ́.
Wọn yóò ní: ṣé a ò sọ?
Ìbú èékánná kan.


9.

ADÁJỌ́: Ṣé ó tẹ́ yín lọ́rùn, ọ̀gá?
ÀGBÀ: (Kò wo bọ́ọ̀lù. Èmi ni ó wò.) Ó ti dáa, Màdáámù.


10.

Pínǹkì ni bọ́ọ̀lù rẹ̀ kọ́kọ́ kàn, dípò búlúù. Àṣìṣe. Ẹni kejì gba mẹ́fà.

58–61.

Kíákíá dìde. Búlúù. Pínǹkì. Dúdú.

58–79.

Èmi ni mo kéde rẹ̀. Ohùn mi kò gbọ̀n.


11. ÌWÉ ÀYẸ̀WÒ IṢẸ́ ADÁJỌ́

Ìrísí: ó péye.
Ohùn: ó dún ketekete.
Dídá bọ́ọ̀lù padà sí ipò: kò ní àbùkù.


12. YÀRÁ ÌMÚRA, WÁKÀTÍ KAN LẸ́YÌN ERÉ

ÀGBÀ: Ẹ jókòó, Màdáámù. Ẹsẹ̀ yín á ti kú.
ADÁJỌ́: Ẹ pẹ̀lẹ́, ọ̀gá.
ÀGBÀ: Kí ẹ tó nu bọ́ọ̀lù yẹn, mo rí ojú ọ̀nà gbangba. Nígbà tí mo tẹ̀ sórí tábìlì, mo wá a, n ò rí i mọ́. Mo wá gbá a bí mo ṣe rí i tẹ́lẹ̀.
ADÁJỌ́: Bóyá…
ÀGBÀ: Bóyá kí ni? Bóyá ọwọ́ yín ni? (Ó rẹ́rìn-ín.) Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ọwọ́ yín, ta ló wá kù? Ojú mi ni. Ó ti darúgbó, ó wá ń parọ́ fún mi.
ADÁJỌ́: (Mo ń bọ́ ìbọ̀wọ́ mi.)
ÀGBÀ: Ẹ mu omi.


13. ÀWỌN ÌDÍJE ÀGBÀ LẸ́YÌN ÌYẸN

Ìkíní: ó jáde ní ìpele àkọ́kọ́.
Ìkejì: ó jáde ní ìpele àkọ́kọ́. Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn pé kí bàbá lọ ra awò.
Ìkẹta: ó tẹ̀ sórí tábìlì, ó dìde, ó tún tẹ̀, ó tún dìde, nígbà méje, lórí bọ́ọ̀lù kan tí ọmọ ilé ìwé lè gbá wọlé. Ó bọ ẹni kejì lọ́wọ́ láìgbá a.
Ìkẹrin: kò forúkọ sílẹ̀.


14. NÍ ILÉ

ỌKỌ MI: Ìgbà kẹta nìyí tí o ń sún ife yẹn.
ÈMI: Kò sí níbi tí mo gbé e sí.
ỌKỌ MI: Ìyá àwọn ọmọ, ife tíì ni. Kò fẹ́ wọ àpò kankan.

Òun nìkan ni ó rẹ́rìn-ín.


15. LÁTI Ọ̀DỌ̀ ỌMỌ AFOJÚWỌ̀N, OBÌNRIN

Ọjọ́ Ajé. Ẹ káàsán, Àǹtí. Dókítà ní ojú dádì kò ní nǹkan kan. Dádì ní dókítà kò mọṣẹ́. Wọ́n ti wá òmíràn rí, ọsibítù aládàáni, wọ́n sì ti fi iná lésà ṣe iṣẹ́ abẹ fún ojú ọ̀tún níbẹ̀. Mi ò gbọ́ títí wọ́n fi ṣe é tán.

Ọjọ́ Ajé. Kò yọrí sí rere, Àǹtí. Wọ́n ní bí ìgbà téèyàn ń wo nǹkan láti inú ọ̀rá ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ojú òsì di Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Wọ́n ní òun gan-an ló parọ́ fún àwọn lọ́jọ́ yẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Àǹtí, ẹ̀yin lẹ dúró tì wọ́n jù. Ṣé lóòótọ́ ni ojú wọn ń ṣe wọ́n? Ẹ bá mi bá wọn sọ̀rọ̀. Tiyín nìkan ni wọ́n máa ń gbọ́.

Ọjọ́rú. Mo rí i pé ẹ ti kà á, mà.


16. ÈSÌ

Ọmọ mi, ẹ fi dádì lé dókítà lọ́wọ́.
(Mo pa á rẹ́.)

Ọmọ mi, ó ṣeé ṣe kí bọ́ọ̀lù náà ti sún.
(Mo pa á rẹ́. Bọ́ọ̀lù kò ní ẹsẹ̀.)

Ọmọ mi, ìmọ́lẹ̀ gbọ̀ngàn náà
(Mo pa á rẹ́. Ìmọ́lẹ̀ gbọ̀ngàn náà dára.)

Ọmọ mi


17. LÁTI Ọ̀DỌ̀ ÀJỌ, ỌJỌ́RÚ

A fi ọ̀wọ̀ rán yín létí pé ẹ̀yin ni a tún yàn láti dá eré àṣekágbá ní ọjọ́ Sátidé. Kò sí adájọ́ tí àwọn eléré fọkàn tán tó yín.


18. ORÍ FÓÒNÙ, ỌJỌ́BỌ̀, AAGO MẸ́SÀN-ÁN KU OGÚN ÌṢẸ́JÚ

ÀGBÀ: Màdáámù. Ẹ ṣé tẹ́ ẹ pè.
ADÁJỌ́: Ṣé ẹ ti wà ńbẹ̀, ọ̀gá?
ÀGBÀ: Wọ́n ti wọ̀ mí láṣọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ là sílẹ̀ gbayawu. Bó bá jẹ́ pé irú ẹ̀ la fi ń ṣe ìdíje ni, ẹnikẹ́ni ò ní tẹ̀ sórí tábìlì.
ADÁJỌ́: Ọ̀gá, nípa ọjọ́ yẹn.
ÀGBÀ: Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ jàre. Mo gbọ́ pé ẹ̀yin náà ni lọ́jọ́ Sátidé. Mo ti sọ fún gbogbo nọ́ọ̀sì ibí. Mo ní ẹni yẹn, èmi ni mo kọ́kọ́ ní kí wọ́n gbà á láyè.
ADÁJỌ́: Ọ̀gá, ẹ gbọ́ mi.
ÀGBÀ: Ẹ dúró ná, wọ́n fẹ́ kán oògùn sí mi lójú. Mo ń gbé yín sórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ má gé e o.


19.

N kò gé e. Fóònù wà ní etí mi. Mo jókòó ní títọ́, bí mo ti máa ń jókòó. Mo ń gbọ́ táyà bẹ́ẹ̀dì lórí ilẹ̀, mo ń gbọ́ obìnrin kan tí ó ń sọ pé kí bàbá wo òkè. Ó ku ìṣẹ́jú mọ́kànlá.

Ó ku mẹ́wàá.

ÀGBÀ: Màdáámù, ṣé ẹ ṣì wà ńbẹ̀?
ADÁJỌ́:


20.

Gbólóhùn kan ni mo jẹ ọkùnrin yìí: kì í ṣe ojú yín, ọwọ́ mi ni. Kí aago mẹ́sàn-án tó lù ni ó yẹ kí n san án.