Kánfáàsì Àgéré

Gbogbo pósíọ́fíìsì ló ń pe ìyá apínlẹ́tà yìí ní Àgéré, torí ó ga bí òpó iná, ó sì ti gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n dáadáa nígbà èwe rẹ̀. Ọdún mẹ́tàlélógún ló ti fi ń pín lẹ́tà ládùúgbò kan náà. Àmọ́ láti ìgbà tí ọrùn ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti yẹ̀, ńṣe ló ń tiro. Ọ̀gá wọn, ọmọ àná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ò fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ.

"Mà, lọ́jọ́ Ẹtì, a jọ máa jáde lọ pín lẹ́tà ni. Tẹ́ ẹ bá tiro, yàrá òǹtẹ̀ lẹ máa wà títí tẹ́ ẹ fi máa fẹ̀yìn tì."

Yàrá tí wọ́n ti ń lu lẹ́tà lóǹtẹ̀, tí ò ní fèrèsé, tó jẹ́ ògiri nìkan lèèyàn ń bá sọ̀rọ̀! Ọkàn rẹ̀ bà jẹ́ gan-an.

Ló bá lọ ra kánfáàsì pupa ọlọ́rùn gíga kan, irú èyí tó ń wọ̀ gbá bọ́ọ̀lù lọ́mọ ogún ọdún, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ń ṣe jáde. Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ìyá arúgbó eléré! Bàtà pápá nìyí, kì í ṣe ti ojoojúmọ́."

"Ẹ ṣáà máa wò mí."

Lọ́jọ́ kejì, kó tó pín lẹ́tà dé ìdajì, bàtà ti há a lọ́rùn ẹsẹ̀ pinpin. Ó délé, ó jù ú sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Àṣé ọkọ òun ò purọ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló gbé e yẹ̀ wò.

"Mọ́mì, ẹ so okùn dókè pátápátá?"

"Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń so ó, kí ẹsẹ̀ má baà yẹ̀ téèyàn bá fò."

"Ṣé ẹ máa ń fò lẹ́nu ọ̀nà àwọn èèyàn ni? Ẹ fi ihò méjì tó wà lókè sílẹ̀ láìso."

Lọ́jọ́ Ẹtì, òun àti ọ̀gá dé ilé alájà márùn-ún tó kẹ́yìn. Bàtà ẹlẹ́nu ṣóńṣó tó ń dán ni ọ̀gá wọ̀. Ní àjà kẹta, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ń fọwọ́ ra gìgísẹ̀. Àgéré ti pín lẹ́tà tán lókè, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ láìtiro rárá. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kọrin.

Ọ̀gá ò dárúkọ yàrá òǹtẹ̀ mọ́. Kánfáàsì ló tẹjú mọ́.

"Mà, ibo lẹ ti rà á?"

"Bàtà pápá ni o, sà," ni Àgéré wí, ó na ọwọ́ sí i kó lè dìde. "Àmọ́ ojoojúmọ́ ni mo máa wọ̀ ọ́."