Aṣọ́lé Àwọn Àṣá

Àjíṣafẹ́ gbé ẹ̀rọ ìgẹrun kúrò lórí oníbàárà rẹ̀ nígbà tí apá kan orí náà ti dán, tí apá kejì ṣì kún fún irun, ó sì nà án sókè bí ẹni tó fẹ́ fi bá ẹnì kan jà.

"Ẹ dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo fún mi," ó wí. "One person! Ta ló lè jà nínú gbogbo wọn?"

Ọkùnrin tí wọ́n ń gẹ irun fún wo ara rẹ̀ nínú dígí, ó mí kanlẹ̀, ó sì fa fóònù rẹ̀ yọ. Ẹni tó bá wá gẹrun ní ìsọ̀ Àjíṣafẹ́ ní Rye Lane lọ́jọ́ Sátidé tí àwọn Àṣá fẹ́ gbá, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣe ara rẹ̀.

Àwọn Àṣá ni orúkọ tí àwọn Yorùbá tó ń gbé Peckham nílùú òyìnbó ń pe Camberwell Kites, ẹgbẹ́ tí ń gbá họ́kì lórí yìnyín. Bó bá ń yà yín lẹ́nu pé báwo ni ọmọ Yorùbá ṣe dé ìdí eré òtútù, Làtíìfù ni kí ẹ bi. Ọdún mọ́kànlá ló fi ń fọ ilẹ̀ ní pápá yìnyín náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Nasir ọmọ rẹ̀ máa ń tẹ̀ lé lọ, ibẹ̀ náà ló sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi bàtà onírin sáré lórí yìnyín. Nígbà tí ọmọ náà di aṣọ́lé ẹgbẹ́, bàbá kó gbogbo àdúgbò lẹ́yìn, onímọ̀le àti onígbàgbọ́, wọ́n sì fi í jẹ alága àwọn alátìlẹ́yìn. Ẹnikẹ́ni ò bá a du oyè náà. Ta ló tún bí ọmọ sẹ́nu àwọ̀n?

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni wọn yóò gbá. Bí àwọn Àṣá bá pàdánù, ọdún ti parí fún wọn nìyẹn. Ohun tó wà lọ́kàn Làtíìfù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹgbẹ́ ńlá kan láti ìhà àríwá ti rán ènìyàn wá wo Nasir lọ́jọ́ náà.

"Last Saturday," Àjíṣafẹ́ ń bá a lọ, "gìrìpá ẹgbẹ́ kejì yẹn sáré láti òkèèrè, ó kọlu Nasir, orí ọmọ lọ gbá irin àwọ̀n, gbà! Kí làwọn tiwa ṣe? Wọ́n dúró, wọ́n ń wòran. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan gìrìpá yẹn. Àwọn kan náà la tún fẹ́ bá gbá lónìí o. Ẹgbẹ́ wa ti rọ̀ jù! Ṣé choir la kó jọ ni?"

"Má fi choir ṣe yẹ̀yẹ́," ni Olúbùnmi wí láti orí àga ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Nọ́ọ̀sì ni, ilé ìwòsàn kan ní Lewisham ló ti ń bọ̀, káàdì iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. "Ọ̀rọ̀ ìjà kọ́ ló wà nílẹ̀. Ẹni tó máa ṣọ́lé ni. Wednesday, góòlù méje wọlé. Mo kà á. Márùn-ún nínú wọn, apá òsì ló gbà. Uncle Làtíìfù, ẹ má bínú sí mi o. Ẹ jẹ́ kí Jethro bẹ̀rẹ̀ lónìí."

Jethro ni aṣọ́lé kejì. Làtíìfù rẹ́rìn-ín.

"Jethro wo? Èyí tó máa ń dijú tí rọ́bà tí wọ́n ń gbá bá ń bọ̀?" Gbogbo ìsọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, ó sún síwájú lórí àga. "Ẹ ò mọ ohun tí Nasir ń ṣe nílé. Ọmọ yẹn ló ń ṣe lémọ́ọ̀mù wa ní àsùbáà, torí ó há Kùránì sórí jù mí lọ. Láti Sunday, tó bá ti forí kanlẹ̀, kì í fẹ́ dìde mọ́. Èmi tí mo wà lẹ́yìn rẹ̀, orúnkún mi á fẹ́ẹ̀ já. Ó ní kí n máa pa iná ká tó kírun. Thursday, ó ka Fátíhà lẹ́ẹ̀mẹta lórí ìdúró kan, omi ń bọ́ lójú ẹ̀. Mo sọ ọ́ fún wọn ní mọ́ṣáláṣí lánàá, gbogbo wọn ló ń ṣe 'Allāhu Akbar'. Ẹni tó ń bẹ Ọlọ́run báyẹn, ṣé Jethro lẹ máa fi rọ́pò ẹ̀?"

"Máṣá Àláà," ni Àjíṣafẹ́ tó jẹ́ ọmọ ìjọ onírapadà wí, nítorí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara.

Olúbùnmi ń wo ojú Làtíìfù. Ó ti fi fóònù rẹ̀ sílẹ̀.

"Uncle," ó wí jẹ́jẹ́, "tó bá fẹ́ dìde níbi tó forí kanlẹ̀ sí, ṣé ó máa ń di nǹkan mú?"

Làtíìfù la ẹnu láti dáhùn, ó sì rí ọwọ́ ọmọ rẹ̀ lójú ọkàn, lára ògiri ilé. Àtẹ́lẹwọ́ náà tẹ́ pẹrẹsẹ sára ọ̀dà funfun, àárọ̀ kan, àárọ̀ kejì, àárọ̀ kẹta. Ó ti rò pé oorun ni.

"Iná ń dùn ún lójú," ni Olúbùnmi wí. "Ó ń gbàgbé ohun tó ti kà. Apá òsì, kò rí i. Uncle, orí ẹ̀ ló ṣèṣe last Saturday. Tí wọ́n bá tún kọlu orí yẹn lónìí..." Kò parí ọ̀rọ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì kì í parí irú rẹ̀.

Ẹ̀rù ba Làtíìfù. Ó pe Nasir, fóònù ti kú. Wọ́n máa ń gba fóònù lọ́wọ́ àwọn eléré bí eré bá kù díẹ̀. Ó pe kóòṣì, ó dún títí, kò sẹ́ni tó gbé e. Aago mẹ́rin ti kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ó jáde láìwọ kóòtù rẹ̀, Olúbùnmi tẹ̀ lé e.

Bọ́ọ̀sì 12 tí wọ́n wọ̀ kò lọ, kò bọ̀. Níbi tó ti di irin mú ni Làtíìfù ti rántí ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Kóòṣì ló pè é fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ní ọmọ náà ní ara òun le, ṣùgbọ́n òun fẹ́ gbọ́ lẹ́nu bàbá: báwo ló ṣe ń ṣe nílé? Làtíìfù ló sì fi ohùn ńlá dá a lóhùn pé kìnnìún ni Nasir, kó má dán an wò pé òun fẹ́ fi Jethro síbẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òun wà lọ́jà náà. Lẹ́yìn ọmọ gan-an ló dúró sí, ó ń wọn gígùn àdúrà.

Ó tẹ agogo, ó bọ́ sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, Olúbùnmi lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta tí orúnkún ń dùn kì í sáré dáadáa, ṣùgbọ́n ó sáré. Ó kọlu obìnrin kan tó gbé ẹ̀wà, kò dúró tọrọ gáfárà. "Yá Allāhu, má jẹ̀ẹ́ kí n pẹ́," ló ń wí, "má jẹ̀ẹ́ kí n pẹ́, má jẹ̀ẹ́ kí n pẹ́." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn nínú ọ̀sẹ̀ náà tí kò gbàdúrà pé kí wọ́n borí.

Nígbà tó dé pápá, àwọn ènìyàn rẹ̀ ti kún ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú síkáàfù wọn. "Alága! Alága!" Wọ́n rò pé ó wá kó wọn wọlé ni. Ó gba àárín wọn kọjá, ó yà sí ẹ̀yìn ilé, níbi tí ẹ̀rọ tó ń tún yìnyín ṣe máa ń gbà jáde. Ọ̀nà tó ti ń gbé garawa kọjá fún ọdún mọ́kànlá, kò sí ẹ̀ṣọ́ tó lè dá a dúró níbẹ̀.

Kóòṣì, òyìnbó gíga kan, dúró sẹ́nu ọ̀nà orí yìnyín pẹ̀lú ìwé orúkọ lọ́wọ́. Làtíìfù kò kí i.

"Yọ Nasir kúrò. Orí rẹ̀ ló ṣèṣe."

Kóòṣì wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa. Ó ní ọmọ náà ní kò sí nǹkan kan tó ń ṣe òun. Ó ní, "Ìwọ náà lo sì sọ fún mi pé kìnnìún ni."

"Mo ṣì í wò," ni Làtíìfù wí.

Wọ́n pe Nasir. Ó wọ́ ẹsẹ̀ wá láti orí yìnyín, ó sanra gbẹ̀kẹ̀tẹ̀ nínú gbogbo tìmùtìmù aṣọ́lé, ó ń ṣẹ́jú sí iná òkè.

"Dad, what are you doing? Wọ́n ti fẹ́ start. I'm fine, I swear. Allow it, please."

Kóòṣì wo aago ọwọ́ rẹ̀. Làtíìfù mọ̀ pé bí òun bá ní kí ọmọ náà sọ òtítọ́, irọ́ ni yóò tún pa. Ó fa ara rẹ̀ ró.

"O ò tíì kí mi lónìí, Nasir."

"Dad. Níbí?"

"Níbí."

Nínú ilé wọn, bí ìjà bá tilẹ̀ wà nílẹ̀, ọmọ kì í kọ̀ láti kí bàbá. Nasir bọ́ akoto rẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí rọ́bà ilẹ̀, lójú kóòṣì, lójú gbogbo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

"Dìde."

Ó fi ọwọ́ méjèèjì ti ilẹ̀. Orí rẹ̀ gbé sókè díẹ̀, ojú rẹ̀ ń rìn káàkiri, ó sì dá a padà sílẹ̀. Ó tún gbìyànjú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í táràrà fún ohun tí yóò dì mú, ọrùn ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ ló bà, ó sì dì í mú gírígírí. Bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ọmọ ló wà nílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n Làtíìfù ni kò lè gbé ojú sókè.

"Jethro!" ni kóòṣì pariwo. "Múra!"

Nínú yàrá ìtọ́jú, wọ́n pa iná, Olúbùnmi sì di ọrùn ọmọ náà mú kó má baà yí i. Wọ́n ti pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Ìta ń hó. Àjíṣafẹ́ já wọlé láti wá bèèrè irú ìwà wo ni alága hù yìí, ó rí ojú Nasir, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn padà.

"Mo fẹ́ sọ fún yín on Tuesday," ni Nasir wí nínú òkùnkùn. "Mo sọ̀kalẹ̀ wá sí kitchen. Ẹ wà lórí phone with Coach. Ẹ ń sọ fún un pé I'm a lion. Inú yín ń dùn gan-an. So I just went back up."

Làtíìfù di ọwọ́ ọmọ náà mú, ọwọ́ tó tutù.

Obìnrin tó bá ọkọ̀ ilé ìwòsàn wá kò ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. Ó tan iná tín-ín-rín sí ojú Nasir lọ́kọ̀ọ̀kan, ó bèèrè orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n wà. Ó mú bírò. Ó ní, ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, ìgbà wo sì ni wọ́n ti ṣàkíyèsí rẹ̀ nílé?

"Like, today," ni Nasir yára dáhùn. "Nobody knew. My dad didn't know."

Olúbùnmi wo ilẹ̀. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Ó rọrùn kí Làtíìfù dákẹ́. Ọmọ ti bò ó láṣìírí, kò sì sí ẹni tó máa bi í.

"Rárá," ó wí. "Ọjọ́ Àìkú ni, ní ìdájí. Mo wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo rí i."

Bírò náà dúró. Lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde tán lẹ́nu rẹ̀ ni òun fúnra rẹ̀ tó gbọ́ ọ, pé láti ọjọ́ náà lòun ti ń rí i.